Àpótí Tíì Tó Wà Nínú Ìlù Oníkàn

Wọ́n ti yọ orúkọ ọ̀gá mi kúrò lára ìlù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí dìde, wọ́n sì gbé ìlù náà fún òkú olówó kan tí kò mọ bí a ṣe ń di igi ìlù mú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan tó jókòó sórí àga ní Oníkàn yóò kà á pẹ̀lú. Kí wọ́n kà á dáadáa. Ìbínú wà nínú rẹ̀, mi ò sẹ́, àmọ́ ẹ̀rí ló pọ̀ ju ìbínú lọ.

Ìlù jáàsì ni mò ń sọ, èyí tí onílù háíláìfù máa ń jókòó tì, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ńlá rẹ̀ tí à ń pè ní báàsì, tó ń fi igi lu kékeré rẹ̀ àti aro. Iṣẹ́ tèmi láyé ni kí n dá ògbólógbòó irú ìlù bẹ́ẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú, kí n rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò lò ó mọ́, kí n tún un ṣe, kí n sì fà á lé ẹni tó máa lù ú lọ́wọ́. Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe títí ojú mi fi bàìbàì. Kò sí ìlù jáàsì kan tó mi gbọ̀ngàn ijó jìgìjìgì ní Ìsàlẹ̀ Èkó láyé ìgbà tèmi tí èmi tàbí ọ̀gá mi kò ti fi ọwọ́ kan inú rẹ̀. Ẹ pè é ní ìgbéraga. Mo ti dàgbà tó ẹni tó lè gbéra ga díẹ̀.

Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ṣe àfihàn àwọn ohun èlò orin ayé àtijọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Oníkàn, mo wọ aṣọ, mo lọ. Mo rí báàsì kan láàárín ilé. Mi ò tíì dé ìdí rẹ̀ tí mo ti mọ̀ ọ́n, bí ẹ ṣe máa mọ ọmọ yín láti ẹ̀yìn. Lára rẹ̀ ni wọ́n gbé pátákó kan sí: ojúlówó ìlù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sí àtúnṣe kankan lára rẹ̀ rí, olówó báyìí-báyìí ló rán sí òkè òkun kí wọ́n kó o wá fún ìgbádùn ará Èkó.

Mo na ọwọ́ sí i. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fò dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kàn án o."

"Ọmọ mi, ọwọ́ tó o rí yìí ti wọ inú ìlù yẹn kí wọ́n tó bí ìyá ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn bàbá tó ń wá síbí ń wí, sà. Èyí tó wá lánàá ní òun lòun kọ́ gómìnà òyìnbó níjó."

Mo rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn. Mo wá bi í pé, "Ta ló kọ ohun tó wà lára pátákó yìí?"

"Ìgbìmọ̀ ni, sà."

"Àwọn wo ni ìgbìmọ̀?"

"Ìgbìmọ̀ náà ni, sà."

Mi ò bá ọmọ náà jà. Ẹni tó gbé irọ́ dání yàtọ̀ sí ẹni tó hun ún. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, kí n sì gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Fẹ́líìsì kò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, bàbá mi fẹ́ kí n di akọ̀wé ní Mariná, èmi sì ń lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé ibi tí àwọn olórin ti ń dánra wò. Nígbà tó rẹ bàbá mi, ó ní bó bá jẹ́ pé ìlù ni orí mi yàn, kí n kúkú lọ kọ́ ọ débi tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi mí ṣẹ̀sín. Ní ti owó, ọ̀gá kì í sanwó fún ọmọ iṣẹ́ nígbà náà, oúnjẹ ló ń fún un. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Àgùdà ni Ọ̀gá Fẹ́líìsì. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, káfíńtà ni bàbá bàbá rẹ̀ tó ti Bùràsíìlì padà wálé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Gángan, nínú ọ̀nà àbáwọlé agboolé kan tí àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò ń gbé. Bí wọ́n bá ń lọ kírun, wọ́n á kí i. Bí òun bá ń lọ sí Máàsì, á kí wọn. Ìlẹ̀kùn àti àga ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kàn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìlù àwọn òyìnbó kan fọ́ ní kíláàbù wọn, tí wọ́n wá ẹni tó lè tẹ igi roboto láì ṣẹ́ ẹ, òun nìkan ni wọ́n rí. Láti ìgbà yẹn ni ìlù ti gba ilé lọ́wọ́ ìlẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà le. Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé n kò gbọdọ̀ ka báàjì. Gbogbo ìlù òyìnbó ló ní báàjì irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, tí orúkọ ẹni tó ṣe é wà lára rẹ̀. Kí n tó rí ìlù kankan, ọ̀gá á ti fi aṣọ di báàjì yẹn. Ó ní ojú tó bá kọ́kọ́ ka báàjì kò ní rí nǹkan mìíràn mọ́. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, kò sí ohun tó ní lẹ́tà lára tí mi ò ní kà. Mo tú aṣọ náà lọ́jọ́ kan, mo yọjú wò ó. Igi ìlù ló bà mí lẹ́gbẹ́ ìka.

"Tíṣà!" Orúkọ tó fún mi nìyẹn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Mo ní kó o wo igi, o ń kàwé!"

"Ẹ má bínú, sà."

"Ta ló ń bínú? Inú mi dùn. Lọ́la, ẹnì kan á kan báàjì mọ́ ọpọ́n ìfọṣọ fún ẹ, wàá rà á, wàá tún san owó ẹrù."

Ó ní kí n máa ṣí awọ ojú ìlù kúrò, kí n di ojú mi, kí n sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Mo máa wá ibi tí ojú igi ti pàdé. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń gé etí igi méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n lè gorí ara wọn, tí ìka kò fi ní mọ ìgbà tó kọjá láti ara ọ̀kan sí èkejì. Ayédèrú máa ń ní gegele. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa gbóòórùn. Gúlù tí wọ́n fi pátákò màlúù sè máa ń rùn díẹ̀díẹ̀ títí ayé. Ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi bo àbùkù máa ń ta sí imú. N kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí n tó wá síbi iṣẹ́, kí òórùn ọṣẹ má bàa da imú mi rú. Báàjì ló máa ń kẹ́yìn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, ọ̀gá á ní, a ò mọ èyí tí inú ń run. Torí náà, ṣí inú ẹ̀ wò.

Ẹ máa rí ohun tí òfin yẹn ṣe. Òyìnbó kan ń padà sí ìlú rẹ̀, kúùkù rẹ̀ sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé ìlù méjì wà ní ilé ọkọ̀ rẹ̀ ní Ìkòyí, kí ó wá mú èyí tó wù ú. Mo bá ọ̀gá lọ. Ọ̀kan nínú wọn ń dán bíi bàtà ọdún, báàjì rẹ̀ mọ́ kedere. Èkejì ti bó, kò sí báàjì lára rẹ̀, aláǹtakùn ti ṣe ilé sí i. Lójú mi, ọ̀rọ̀ ti parí. Kúùkù náà ti ń fi aṣọ nu èyí tó ń dán.

"Ọ̀gá Fẹ́líìsì, èyí ni fún yín," ló wí. "Èkejì, igi ìdáná ni."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣí awọ àwọn méjèèjì. Ó wá yíjú sí mi. "Tíṣà, di ojú ẹ. Ta ni ọ̀gá nínú wọn?"

Mo ki ọwọ́ bọ èyí tó ń dán. Gegele wà níbẹ̀, ọ̀dà sì ta sí mi nímú. Ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní etí gbígbẹ bí ìgbà tí wọ́n fi irin gbígbóná lu ú. Mo ki ọwọ́ bọ èyí tó bó. Ìka mi yí i ká, kò rí ibi ìpàdé, àfi ìgbà tí mo tún yí i ká padà. Nígbà tí mo lajú, mo rí ihò ìṣó kéékèèké yí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ká. Ẹnì kan ti yọ báàjì lára ojúlówó lọ kàn mọ́ ayédèrú. Mo fi ìka wọn báàjì náà, mo gbé ìka náà lé ihò ìṣó yẹn, wọ́n bá ara wọn mu rẹ́gí.

"Igi ìdáná ni," mo sọ fún ọ̀gá, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ni ọ̀gá sọ fún kúùkù. "Torí pé mo fẹ́ràn ẹ, mo máa bá ẹ kó igi ìdáná yìí kúrò nílẹ̀."

Bí a ṣe ra ìlù tó wà ní Oníkàn lónìí nìyẹn. Kì í ṣe olówó kankan ló rán sí òkè òkun. Orí kẹ̀kẹ́ ẹrù la fi gbé e la afárá kọjá láti Ìkòyí wá sí Ìsàlẹ̀ Gángan. Èmi ni mò ń ti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, ọ̀gá sì ń kọ orin Máàsì.

Ẹni tó rà á lọ́wọ́ wa ni Bọ̀dá Sùnmọ́nù, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ní ẹgbẹ́ olórin háíláìfù. Aláríwo ni, ọlọ́yàyà ni, kì í gbọ́ràn. Àkókò òjò ló sì mú jàǹbá wá. Awọ ọmọ màlúù ni ojú ìlù nígbà náà, awọ gidi, bí òjò bá sì ti rọ̀ lórí ọ̀sà, awọ á rọ̀, ìlù á máa dún bí ìgbà tí èèyàn ń gbá tìmùtìmù. Àṣà wa ni láti fi gílóòbù iná kékeré sínú báàsì kí ooru rẹ̀ mú awọ le. Ibi tí kò bá sí iná, a máa ń gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú súnmọ́ ọn, èèyàn á jókòó tì í. Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iná tó ń jó sínú ìlù.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan, ijó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iná lọ ní gbọ̀ngàn. Onílù Bọ̀dá Sùnmọ́nù ṣí awọ iwájú báàsì, ó gbé fìtílà elépo òyìnbó síbẹ̀, ó lọ wá sìgá. Ẹnì kan rọ́ lu ìlù. Nígbà tí wọ́n máa fi da omi pa iná náà, ìdajì ara báàsì ti di èédú. Mo rántí bí wọ́n ṣe gbé e dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá bojú wo inú rẹ̀, ó ṣí fìlà, bí ẹni tó wọ ilé ọ̀fọ̀.

"Ọ̀gá Fẹ́líìsì, ẹ gbà mí," ni Bọ̀dá Sùnmọ́nù ń wí. "A ní ijó ọdún Iléyá níwájú. Bí mi ò bá rí báàsì, àwọn ọmọ mi á tú ká lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn."

"Igi wo ni kí n fi ṣe é? Igi tó fúyẹ́ báyìí kò sí nílé yìí. Tí mo bá fi ìrókò ṣe é, alábàárù ni yóò máa gbé e fún ẹ."

Ọ̀gá rìn káàkiri ọjà. Ohun tó gbé dé yà mí lẹ́nu: àpótí tíì, èyí tí wọ́n máa ń kó ewé tíì sínú rẹ̀ wá nínú ọkọ̀ ojú omi. Pákó fẹ́ẹ́rẹ́ẹ́ tí wọ́n lẹ̀ lé ara wọn ni, ó fúyẹ́, ó sì lágbára. Nígbà tí Bọ̀dá Sùnmọ́nù rí i, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Àpótí tíì! Ṣé kí àwọn èèyàn máa jó ni, àbí kí wọ́n máa mu ún?"

"Sùnmọ́nù, ta ló fi fìtílà sínú ìlù?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀!"

"Mo bi ẹ́ léèrè ni."

Bọ̀dá Sùnmọ́nù sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tí ẹ ti máa mọ̀ pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ nìyí. Ọ̀gá gé ibi tó jóná kúrò títí tó fi dé ibi tí igi ti mọ́. Ó rẹ pákó àpótí tíì sínú omi gbígbóná, ó wé e mọ́ àgbá igi tó ti fi aṣọ wé kí ó lè tóbi bí ìlù náà gẹ́lẹ́, ó fi okùn dì í, ó sì fi í sílẹ̀. Bọ̀dá Sùnmọ́nù á wá láàárọ̀, á wá lálẹ́, á máa fẹsẹ̀ halẹ̀. Ọ̀gá kò kánjú. Bó bá gbẹ, á lẹ òmíràn lé e, títí ìdajì tuntun fi ki bí ìdajì àtijọ́. Lẹ́yìn náà ló gé etí wọn ní ẹ̀gbẹ́, tó fi gúlù pa wọ́n pọ̀. Ó ní kí n di ojú mi, kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo yí i ká, mo tún yí i ká. Mi ò rí ibi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì parí sí tí Ìsàlẹ̀ Gángan ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, mo rí i pé lẹ́tà dúdú gàdàgbà ṣì wà nínú rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ilẹ̀ Sílóònù tí wọ́n ti kó tíì náà wá. Mo mú sáńpépà láti ha á dànù. Ọ̀gá gba ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀."

"Ṣùgbọ́n, sà, ẹni tó bá ṣí i á mọ̀ pé àpótí tíì ni."

"Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bo àtúnṣe mọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó jí báàjì."

Ó wá fi òòlu gbígbóná sun àmì rẹ̀ sí abẹ́ lẹ́tà náà: òòyà kékeré kan, ilà kan tó ní eyín. Lẹ́yìn náà ló na òòlu náà sí mi. "Ìwọ náà, fi àmì tìẹ sí i." Mo sun ojú kan ṣoṣo sábẹ́ òòyà rẹ̀. Kò gbàdúrà lé mi lórí, kò sí ayẹyẹ kankan. Ó kàn pè mí ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí ní Tíṣà mọ́.

Lọ́jọ́ Iléyá, ìlù náà dún títí dé etí ọ̀sà. Bọ̀dá Sùnmọ́nù gbé ẹran àgbò wá fún ọ̀gá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo agboolé. "Ọ̀gá Fẹ́líìsì," ló wí, "wọ́n jó o, wọ́n tún mu ún!"

Ayé yí lẹ́yìn náà. Awọ ike dé láti òkè òkun, òjò kò rí i gbé ṣe mọ́, gílóòbù inú ìlù di ìtàn. Ọ̀gá fi ìka kàn án, ó ní ó dára, àmọ́ kò ní òórùn. Èmi lọ sí yunifásítì, mo kọ́ nípa ìró àti ohun tó ń mú un wá, mo sì padà sídìí ìlù. Àwọn ẹbí mi bú mi: báwo ni ẹni tó gboyè ṣe máa padà sọ́dọ̀ káfíńtà? Mo dá wọn lóhùn pé ohun tí yunifásítì fi kún un ni ìdí tí ọ̀gá mi fi tọ̀nà. Nígbà tí ọ̀gá kú, mo gba òòlu rẹ̀ fún iṣẹ́, mo dá a padà fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Mi ò kábàámọ̀. Bí a bá tún ayé wá, sáńpépà ni kí wọ́n tún fi lé mi lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ Bọ̀dá Sùnmọ́nù tú ká nígbẹ̀yìn. Ẹ̀yìnkùlé olówó tí orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó yẹn ni wọ́n ti máa ń dánra wò, ibẹ̀ ni ìlù wọn kù sí. Gbogbo ohun tí olówó náà ṣe fún un ni pé ó gbé e pamọ́ kúrò nínú òjò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sísì Róòsì, ọmọ bíbí Ọ̀gá Fẹ́líìsì, ṣì wà láyé ní Ìta Fájì. Ó ti dàgbà, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti wà ní kékeré ló ti ń sọ ìtàn àpótí tíì fún wọn. Wọ́n mú un lọ sí Oníkàn kí ó lè fi ìlù náà hàn wọ́n. Wọ́n ka pátákó náà sí i létí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, wọn ò mà dárúkọ bàbá yín. Wọ́n ní kò sí àtúnṣe kankan." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, ó gbé òòlu bàbá rẹ̀ lé itan.

"Bọ̀dá mi," ló wí, "ṣé àlá ni mo lá ni? Ṣé bàbá mi ò ṣe é ni?"

Ó fẹ́ gbọ́ kí orúkọ bàbá rẹ̀ jáde ní gbọ̀ngàn yẹn kí òun náà tó lọ bá a. Ohun tí mò ń jà fún nìyẹn. Kì í ṣe ìlù ni mò ń gbà.

Mo lọ bá ìgbìmọ̀. Akọ̀wé wọn ní ojúlówó ni, pé ojú lásán ti fi hàn. Mo ní kí a ṣí i wò. Ó ní ìlù àtijọ́ ni, kò yẹ kí a máa ṣí i, ó lè bàjẹ́. Mo wo ìlù náà lẹ́ẹ̀kan sí i láti òkèèrè bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, mo sì rí ohun tí ọ̀gá kọ́ mi láti máa wò. Awọ ojú rẹ̀, ike ni. Awọ ọmọ màlúù ni èmi àti ọ̀gá fi sí i. Ike náà funfun báláú, kò tíì pọ́n, kò tíì ní àpá lílù kan lára.

Kò sí ọ̀nà tí èèyàn fi lè pààrọ̀ awọ báàsì láì ṣí i. Bó bá sì ṣí i, lẹ́tà gàdàgbà ń wò ó lójú, òòyà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ awọ yẹn ti rí àpótí tíì kí wọ́n tó kọ̀wé pé kò sí àtúnṣe kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló ṣí ìlù náà? Ta ló sọ fún un pé kí ó panu mọ́? Awọ ọmọ màlúù tí ọ̀gá mi fi ọwọ́ rẹ̀ na sí i, ibo lẹ gbé e sí? Ṣé òòyà náà ṣì wà níbẹ̀, àbí ẹ ti fi sáńpépà ha á? Sísì Róòsì ń bọ̀ wá sí Oníkàn, èmi ni mo máa di ọwọ́ rẹ̀ mú, òòlu náà á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ẹ pe gbogbo ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá fẹ́ wò, kí ẹ sì ṣí inú ìlù náà lójú ọmọ ẹni tó ṣe é.